Òkúta Olóyún

Láti ìgbà tí Kari ti gbọ́ ohùn kejì nínú ikùn ère Ìyá tó ń gbẹ́ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ó bá jókòó, á dìde. Bí ó bá dìde, á tún máa wá ibi tí yóò jókòó sí. Ìrẹsì àná tí wọ́n fi omi rẹ mọ́jú, tí ó máa ń fi àlùbọ́sà jẹ kí oòrùn tó mú, ìka ló kàn ń fi rò ó káàkiri inú àwo. Sadai ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó sú u.

"Ẹ̀yin yìí, ṣé nǹkan yín sọnù sínú ìrẹsì yẹn ni?"

"Kò sí nǹkan tó sọnù."

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí màlúù jẹ ẹ́. Ìrẹsì ò ṣẹ̀ yín."

Kari fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó ti àwo sí ẹ̀gbẹ́, ó jáde. Sadai tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù tí obìnrin fi ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ó ti bí méjì rí, kò sí èyí tó dúró gba orúkọ nínú wọn.

Kì í sì í ṣe ilé Kari nìkan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìlú Pullur ti ń sin ọmọ tuntun. Èyí á kú sí ikùn, èyí á wá, á sunkún díẹ̀, á padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá kí á bá ẹnìkan tún orí ọmọ ṣe. Àwọn àgbà ìlú kó ara wọn jọ sábẹ́ igi àjàgbọn, Velan tó jẹ́ olórí wọn ló sì là á mọ́lẹ̀: àwọn yóò fi òkúta gbẹ́ Durga, Ìyá ọlọ́wọ́ mẹ́jọ tó tẹ orí ẹfọ̀n mọ́lẹ̀, àwọn yóò gbé e sí ògiri àríwá ilé òrìṣà, kó máa ṣọ́ ọ̀nà tí ikú ń gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aboyún Pullur ti ń tẹ́tí sí òòlù Kari. Bí ó bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn á rán ènìyàn wá bèèrè bóyá ara rẹ̀ le.

Kari ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, òun àti Puvan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí bàbá wọn tó kú ló ti sọ pé etí ni òun fún Puvan, ọwọ́ ni òun fún Kari. Àwọn kan rò pé àgbà ń ṣeré ni. Puvan ló ń lọ sí òkè lọ yan òkúta, Kari ló ń gbẹ́ ẹ, kò sì sí ìlú kan lẹ́bàá odò Vellaru tí kò mọ̀ pé ohun tí ọ̀kan bá ti gbọ́, tí èkejì sì ti fọwọ́ kàn, ó ti parí.

Nítorí òkúta kì í ṣe òkúta lásán lọ́dọ̀ wa. Akọ wà, abo wà, èyí tí kò ṣe akọ tí kò ṣe abo náà wà. Bí o bá fi òòlù kan akọ, á dún bí agogo ńlá, ohùn rẹ̀ á lọ jìnnà kó tó kú. Abo á dún pẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n bá rọra fi àwo idẹ méjì kanra. Ẹ̀kẹta kì í dáhùn rárá, ilẹ̀ ni wọ́n ń fi í tẹ́. Ìyá kò ṣeé gbẹ́ lára akọ, ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ba gbogbo agbẹ́-òkúta lẹ́rù ni òkúta olóyún, èyí tó ní ihò nínú tí ojú kò rí, tí omi tàbí ọ̀pọ̀lọ́ ti wà nínú òkùnkùn ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkúta tó ti ní oyún tirẹ̀ kì í ṣàánú oyún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fi í ṣe Ìyá, tí wọ́n sì la ojú rẹ̀, oyún inú ìlú ni yóò máa jẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn bàbá wa nìyẹn, òun náà ni wọ́n sọ fún wa, n kò sì tíì rí ẹni tó ní kí á dán an wò.

Ikùn Ìyá ni Kari ń dán lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, lábẹ́ ìdodo, níbi tí aṣọ rẹ̀ ti wé mọ́ ìbàdí. Ó fẹ́ kí ibẹ̀ jọ̀lọ̀ sí i díẹ̀. Ó fi òòlù kan irin, òkúta dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Ó sún irin síwájú bí ìbú ìka, ó tún kàn án. Ohùn méjì ló dáhùn: ọ̀kan jáde, ọ̀kan wọlé. Kari dúró. Ó ní bóyá òun kò sùn dáadáa ni. Ó tún kàn án, ohùn kejì náà tún wọlé lọ.

Ó lọ ewé àti gbòǹgbò pọ̀ mọ́ wàrà bí bàbá wọn ṣe kọ́ Puvan, tí Puvan sì kọ́ ọ, ó fi kun ikùn náà ní ìrọ̀lẹ́, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń sán wẹ́wẹ́, àfi ojú kan lábẹ́ ìdodo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ibẹ̀ tutù rinrin, àmì pé ihò wà nínú. Kari fi ìka kàn án. Ó nu ìka náà mọ́ ògiri, ó tún nù ún mọ́ aṣọ, síbẹ̀ ó ń ṣe é bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù ère náà bà á, ṣùgbọ́n ohun tó dà á láàmú jù ni pé Puvan ló yan òkúta yìí. Puvan tí wọ́n máa ń wá pè láti ọ̀nà jíjìn pé kó wá fi etí wo òkúta fún àwọn. Báwo ni irú etí bẹ́ẹ̀ ṣe kọjá lára èyí? Kari ní òun á lọ bá a, kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹni púpọ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ó bá Puvan níbi tí wọn yóò gbé ère náà dúró sí, tó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Ewé tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu bí obì, tí wọ́n fi ẹfun sí, kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kari, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mù-wọ̀mù, nítorí ẹni tó fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yẹ kó rí nǹkan dí ẹnu lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà."

Puvan wò ó lẹ́nu. "Dígí? Nambi ń gbé e bọ̀. Ó ní ti ìyá òun ni, pé kò sí ibi tó ti họ." Nambi ni àwòrò ilé òrìṣà, dígí rẹ̀ ni wọn yóò lò lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ la ojú ère.

"Mi ò sọ ti dígí. Òkúta yẹn ni mò ń sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," Puvan dáhùn, ó kẹ́yìn sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí okùn rẹ̀.

Inú bí Kari. Ó tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù, ó sọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbangba: "Ẹ̀gbọ́n, òkúta tí ẹ yàn lóyún!"

Orin ni Puvan ń kọ. Orin náà ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ kiri bí ọ̀mùtí, kò dúró lórí ohùn kankan. Kari sì rántí pé ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣi orin kọ.

Ẹnìkan fà á láṣọ. Umaiyal ni, ìyàwó Puvan, ó ru ìkòkò wàrà kíkan wá fún ọkọ rẹ̀. Ó fa Kari lọ sẹ́yìn òkìtì òkúta kó tó la ẹnu.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe pé ó ń fojú di yín. Kò gbọ́ ni."

"Kò gbọ́ báwo?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kò gbọ́? Ibà tó gbé e dè níjelòó ló mú etí òsì lọ. Nígbà tó di ìgbà òjò, ọ̀tún tẹ̀lé e. Ẹnu ènìyàn ló ń wò. Bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn, èmi ni mo máa ń fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó tán nítorí mi."

"Ìyàwó wa, ta ló wá yan òkúta?"

Umaiyal wo ilẹ̀. "Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun bá gbé ọwọ́ lé e, tí òun kan òòlù mọ́ ọn, òun á mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ó ní ó gbọ̀n bí abo."

"Abo náà ni. Abo olóyún ni!"

Obìnrin náà gbé ìkòkò kalẹ̀ bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò mọ̀. "Yé è," ni ó sọ. "Bí ẹgbẹ́ bá gbọ́, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Kari mọ̀. Ẹni tó bá fi òkúta olóyún fún ìlú, àwọn ẹgbẹ́ agbẹ́-òkúta á gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn á rin gbogbo ilé òrìṣà tó ti ṣiṣẹ́ dé, wọn á fi irin họ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Wọn ò ní nà án, wọn ò ní bú u. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kàn ní bá a jẹun mọ́ títí yóò fi kú ni. Bó bá jẹ́ èmi, ẹgba ni n ó yàn.

"Ẹnu yín ló wà, ọkọ mi," Umaiyal ní. "Ẹyin lohùn. Bí ẹ bá jẹ́ kó bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba òòlù bàbá yín lọ́wọ́ òun, kí n máa lọ wá òun lódò."

"Kí wá ni kí n ṣe? Kí n dákẹ́? Sadai ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ má bi mí. Mi ò mọ̀." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ bá ọkọ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Puvan gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Puvan yìí ló tọ́ Kari. Nígbà tí bàbá wọn kú, Kari kò tíì lè di òòlù mú. Puvan ló ń gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń kan irin pọ̀, títí ọwọ́ kékeré fi kọ́ ọgbọ́n ọwọ́ ńlá. Ìgbà tí Kari sì parí ojú Ìyá, àfi ẹyinjú tí wọ́n ń fi sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn, Puvan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Kari, o ti ta bàbá yọ. Bó bá wà láyé, á bínú sí ọ." Kari fẹ́ràn ojú náà débi pé ó máa ń dágbére fún un kó tó lọ sílé. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọkùnrin tó níyàwó nílé máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ ìlú kú, èyí tó wà nínú Sadai yóò sì wà nínú wọn. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òun gan-an sì ni Kari ń sá fún. Ère tó bá fọ́ kì í ṣe òrìṣà mọ́. Bí imú Ìyá bá kán, odò ni wọ́n ń gbé e jù sí, wọn á sì lọ wá òkúta mìíràn, kò ní sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tó wà níkùn èyí tó lọ. Ọwọ́ Kari ló yẹ̀, ni wọn yóò máa wí. Ọwọ́ tó bá sì yẹ̀ lára Ìyá kò tún gbọdọ̀ kan ojú òrìṣà mọ́ láyé. Ọlọ ni yóò máa gbẹ́ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ lọ ata.

Ó gbìyànjú. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọlé, ó wọ abà tó ti ń gbẹ́ ère náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé òòlù sókè sí imú Ìyá. Kò lè kàn án. Ó sọ òòlù kalẹ̀, ó ní ó di ọ̀la. Lọ́la, ó ní ó di ọ̀túnla. Ó rìn lọ sódò, ó rìn padà. Ó pọ́n irin tó ti mú tẹ́lẹ̀. Ó bú ewúrẹ́ kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò ń sọ láàárín ara wọn pé Ìyá ti gun Kari, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí bí iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ parí. Sadai kò gbà. Ó ní òun mọ ọkùnrin tí òrìṣà gùn, òun sì mọ ọkùnrin tó ń fi nǹkan pamọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìlajú ku ọ̀la, Velan olórí ìlú wá wo ère náà pẹ̀lú àwọn àgbà kan. Ó yí i po, ó ń mi orí.

"Kari, kí ló dé tó o rù báyìí? Ṣé Ìyá ló ń bá ọ jẹun ni?"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ti tán! Ojú nìkan ló kù." Ó bẹ̀rẹ̀ wo orí ẹfọ̀n tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹfọ̀n yìí mà jọ àna mi o. Imú rẹ̀ nìyí, ọ̀lẹ rẹ̀ nìyí. Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó jẹ mí ní gbèsè."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kari pàápàá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín ti parí, tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa òkìtì ìrẹsì tí wọn yóò kó wá, ni Puvan, tó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wá bú sẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Velan wò ó. "Puvan, ẹ̀rín tìrẹ, ṣé orí òkè ló ti ń bọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," Puvan dáhùn. "Òkè náà jìnnà, ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ dára."

Àwọn àgbà tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dá a lóhùn ẹ̀fẹ̀ ni. Velan kò rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ó kàn tún wo Puvan lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ. Kari rí i. Òógùn bò ó nínú òjìji abà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sadai jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so òdòdó funfun mọ́ okùn fún ọrùn Ìyá.

"Mo ti bá Nambi sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ó ní kí n dúró níwájú àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá ti ká aṣọ kúrò, mo fẹ́ kí ojú Ìyá kọ́kọ́ bọ́ sórí èyí tó wà nínú mi yìí."

"Dúró lẹ́yìn."

"Kí ló dé?"

"Oòrùn."

"Oòrùn ò sí lẹ́yìn?" Sadai gbé òdòdó kalẹ̀ sórí itan. "Ẹ gbọ́, èmi ni mò ń bá yín sùn. Kí lẹ rí lára ère yẹn?"

Kari la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ahọ́n rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀, ó rí i bí aṣọ ṣe sún níbi tí ọmọ ti tapá.

"Mo rí i pé ó rẹwà jù," ni ó sọ, ó sì tún dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú, òjò kò rọ̀. Gbogbo Pullur ló jáde. Wọ́n ti gbé Ìyá dúró síbi tó yẹ, wọ́n ta aṣọ ìkélé yí i po. Àwọn obìnrin dúró níta, Sadai níwájú wọn pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, Umaiyal lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo abẹ́ aṣọ ìkélé níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti yọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn yòókù. Nínú aṣọ ni Nambi àwòrò wà pẹ̀lú agogo, àti Velan, àti àwọn àgbà mélòó kan, àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjèèjì, àti màlúù kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àti òkìtì ìrẹsì tuntun níwájú ẹsẹ̀ ère.

Ìwò àkọ́kọ́ Ìyá kì í ṣe ti ènìyàn, ó le jù fún ẹran ara. Nítorí náà gbogbo ẹni tó wà nínú aṣọ gbọ́dọ̀ kẹ́yìn sí i. Agbẹ́-òkúta nìkan ló ń kọjú sí i, òun náà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò dúró, inú dígí ni yóò ti máa wo ibi tó ń fọwọ́ kàn. Bí ojú bá là, yóò gbé dígí síwájú Ìyá kó rí ara rẹ̀, kó rí màlúù àti ọmọ rẹ̀, kó rí ìrẹsì, kí inú rẹ̀ rọ̀. Nígbà náà ni Nambi yóò lu agogo, tí gbogbo ènìyàn yóò yíjú padà.

Kí Puvan tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọ̀tún Kari mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu ẹ̀yìn ọwọ́ náà. "Ọwọ́ bàbá," ni ó wí, sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kẹ́yìn pẹ̀lú àwọn yòókù. Nambi bẹ̀rẹ̀ sí í ké ọfọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Kari mú abẹ́rẹ́ wúrà tí wọ́n fi ń la ojú òrìṣà. Ó gbé e dé etí ojú Ìyá, ó gbé e sílẹ̀ padà. Ó wò ó nínú dígí, ojú tí kò tíì là yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ètè tó fi oṣù kan gbẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Bí ènìyàn bá ń sunkún, á máa ríran, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ríran. Ó mú irin ńlá tó fi gé ìwo ẹfọ̀n, ó fi ẹnu irin náà ti ẹ̀gbẹ́ imú Ìyá. Ó ní, "Ẹ foríjì mí," nínú lọ́hùn-ún, ó sì kàn án.

Ó dún gbàù bí igi tí àrá sán lù. Imú Ìyá àti ìlàjì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ya kúrò, ó bọ́ sínú ìrẹsì.

Agogo já lọ́wọ́ Nambi. Velan fò yí padà, ó káwọ́ lérí. Àwọn àgbà pariwo, màlúù já okùn, ọmọ rẹ̀ gba abẹ́ aṣọ jáde, àwọn obìnrin ké níta.

"Ọwọ́ mi yẹ̀!" Kari kígbe. Ó ti ń fi gbólóhùn náà dánra wò láti àárọ̀. "Ẹ dákun, ọwọ́ mi ló yẹ̀! Ọwọ́ mi ni!"

Nígbà tó ṣe, ó rí i pé Velan kò wo ère náà mọ́. Nambi náà kò wò ó. Kari bá wọn wo ibi tí wọ́n ń wò.

Puvan ṣì kẹ́yìn sí wọn. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ ní àyà, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Agogo ló ń dúró dè.

"Puvan," Velan pè é.

Kò gbọ́. Velan tún pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yìí, bí ẹni tó ti mọ̀ pé kò ní dáhùn.

Kari fẹ́ kígbe pé Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí padà, ẹ fò, ẹ ṣe bí ẹni tó gbọ́. Kí ni igbe yóò wúlò fún? Ó ti kígbe tán, òkúta ti bá a kígbe. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí tó fẹ́ fi ọwọ́ náà bò. Ó lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni Puvan yí padà. Ó wo ojú Ìyá, ẹ̀rín náà kú. Ó wo ẹnu gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń mì. Ó wo òòlù lọ́wọ́ Kari, ó wo ìrẹsì. Ó rìn lọ bá ère náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó ya, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ lọ sí ọrùn, sí àyà, sí ikùn, ó dúró sí abẹ́ ìdodo. Ó tú òòlù kékeré bàbá wọn kúrò ní ìgbànú. Ó di ojú, ó kàn án. Ó tún kàn án.

"Ọwọ́ mi ló yẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," Kari wí, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgàdà kí ó lè rí i.

"Irọ́ lo pa." Ohùn Puvan gba gbogbo inú aṣọ náà kan, ó jáde lọ bá àwọn obìnrin níta. "Èmi ni mo kọ́ ọwọ́ yẹn. Kì í yẹ̀."

Ó fi òòlù kékeré náà sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà bíi ti àtijọ́, ó sì darí rẹ̀ lọ sí ikùn Ìyá. Wọ́n jọ kàn án.

"Sọ fún mi, kí gbogbo wọn gbọ́. Báwo ló ṣe dún?"

Níta, Sadai ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kari kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà. Omi ti bò ó lójú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣe kedere.

"Bí ìkòkò," ni ó wí. "Bí ìkòkò tí nǹkan wà nínú rẹ̀."

Puvan mi orí. Ó pẹ́ kó tó mú ọwọ́ kúrò lára òkúta náà.

"Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́jọ́ yẹn lórí òkè," ni ó sọ fún Velan, "mo rí i pé nǹkan ń mì nínú lọ́hùn-ún. Mo ṣe bí ọkàn Ìyá ni."